Kì Í Ṣe Iná Wẹ́dà Ló Wọ Ọmọ Lójú

Bí Ìyá Ṣíbí bá ń wẹ ọmọ, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Á tẹ́ ọmọ tuntun sórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tó nà gbọọrọ sínú báàfù, á máa bu omi sí i lára, á sì máa bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá àgbàlagbà jiyàn.

"Ọkọ mi, gbé ọrùn sókè. Ìwọ tó o fẹ́ fẹ́ mi, ọrùn lásán lò ń gbé jìgìjìgì báyìí? Ṣé bí wàá ṣe máa bọ́ mi nìyí?"

Ọmọ á ké. Ìyá Ṣíbí á rẹ́rìn-ín, á tún bu omi sí i.

Ìyá Ṣíbí ni wọ́n ń pè é nítorí pé oúnjẹ àwọn ọmọ iléèwé ló ń sè títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ṣíbí tó fi ń ro ìkòkò nígbà náà, ọmọ kékeré lè fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ó ti bímọ, ó ti tọ́ ọmọ, ó ti wẹ ọmọ-ọmọ. Nítorí náà, nígbà tó wá sí ilé ọmọ rẹ̀ obìnrin láti bá a tọ́jú ìkókó, kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí à ń sọ yìí, ó fi omi nu ojú ọmọ, ojú kò là. Ipin ti lẹ ìpéǹpéjú méjèèjì pọ̀ bí ìgbà tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́.

"Ìyá, kí ló dé tí ẹ dákẹ́?" ọmọ rẹ̀ béèrè láti orí bẹ́ẹ̀dì.

Onídìrí ni ọmọ yìí, ọmọ tó wà nínú báàfù sì ni àkọ́bí rẹ̀. Ilé ló bí i sí. Ìrọbí dé lójijì nígbà tí òjò ń rọ̀, ọmọ kò sì dúró de mọ́tò. Aládùúgbò kan tó ti gbẹ̀bí rí ló gbà á. Nígbà tí ara ìyá le, tí ara ọmọ le, wọ́n ní kí ni wọ́n tún ń wá lọ sí ilé ìwòsàn.

"Ipin lásán ni," Ìyá Ṣíbí dáhùn. "Fún omi ọyàn sí i lójú. Bí mo ṣe ṣe fún ìwọ náà nìyẹn. Ṣé o fọ́jú ni?"

Ọmọ rẹ̀ kò fọ́jú. Ó fún omi ọyàn sí ọmọ lójú.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ìpéǹpéjú ọmọ ti wú bọ̀ǹbọ̀. Ìyá Ṣíbí fi òwú tútù ya ojú náà díẹ̀, ọyún sì ṣàn jáde. Ó nípọn, ó sì pọ̀ ju ohun tó yẹ kó wà nínú ojú tó kéré bẹ́ẹ̀ lọ. Ó nù ún. Kó tó ju òwú yẹn nù, òmíràn ti kún ibẹ̀.

Ẹ̀rù bà á. Bí ẹ̀rù bá sì ba èèyàn, ẹni tó máa dá lẹ́bi ló máa ń kọ́kọ́ wá, kó tó wá oògùn. Ìyá Ṣíbí kò wá a jìnnà. Ọkọ ọmọ rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Wẹ́dà, wà lábẹ́ páànù níwájú ilé, ó ń jó ẹsẹ̀ àga irin pọ̀. Iná rẹ̀ ń bù yẹ̀rì gba ojú fèrèsé wọ yàrá.

"Wẹ́dà! Pa nǹkan yẹn!"

Wẹ́dà pa á, ó ṣí awò dúdú sókè orí. "Mà?"

"Wá wo ohun tí iná rẹ ṣe fún ọmọ! Ọjọ́ tí mo dé ni mo ti sọ ọ́. Mo ní iná tí àgbà kò lè wò, ṣé ọmọ tí kò tíì mọ ọwọ́ ara rẹ̀ ló máa wò ó?"

Wẹ́dà wọlé. Ó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ó wo ojú ọmọ. Ó wo òwú tó wà nílẹ̀. Ó wò ó pẹ́, ojú rẹ̀ sì yí padà bíi ti ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ láàárín èrò.

"Ó lè jẹ́ iná náà lóòótọ́, mà," ló sọ níkẹyìn. "Ẹ má bínú. Màá gbé ẹ̀rọ lọ sẹ́yìn ilé."

Ó gbé e lọ lóòótọ́. Ó tún wá tapólì, ó ta á bo fèrèsé.

Ọ̀rọ̀ náà ya Ìyá Ṣíbí lẹ́nu. Wẹ́dà tó mọ̀, ọkùnrin tó lè bá èèyàn jiyàn pé òjò ò rọ̀ nígbà tí òjò ti ń pa àwọn méjèèjì ni. Kò gba ẹ̀bi wẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá náà rò ó títí, ó wá gbà pé bóyá dídi bàbá ló mú un gbọ́n díẹ̀.

Oòrùn gòkè, ojú ọmọ kò wálẹ̀. Ìyá ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí ilé ìwòsàn."

"Ìgbà wo la ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé iná kúrò? Jẹ́ ká wò ó ná. Ara ọmọdé kì í gba wàdùwàdù."

Orí ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n wà nígbà tí Mo-gbọ́n-tán wọlé. Ọ̀dà lòun ń tà, ògiri kan ló sì wà láàárín ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti ibi tí Wẹ́dà ti ń ṣiṣẹ́. Kò sí àìsàn tí kò mọ oògùn rẹ̀. Ó ní báàgì kékeré kan tó máa ń há sí abíyá, inú rẹ̀ sì kún fún kápúsù oríṣiríṣi tí kò sí páálí wọn mọ́.

Ó wo ọmọ, ó pòṣé.

"Nítorí èyí lẹ ṣe ń da ara yín láàmú? Ẹ fún mi láwo. Tá a bá tú kápúsù yìí, tá a bu lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ sí i lójú, kó tó di ọ̀la, á ti gbẹ. Oògùn gidi ni, Mama. Wẹ́dà, sọ fún wọn. Ṣebí òun ló yọ ọ́ lọ́jọ́sí?"

Wẹ́dà tó dúró sẹ́nu ọ̀nà yíjú síta.

"Ó yọ ọ́ nínú kí ni?" Ìyá Ṣíbí béèrè.

Mo-gbọ́n-tán rẹ́rìn-ín. "Ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni, mà. Ẹ jẹ́ kó wà nílẹ̀."

Ó ti tú kápúsù náà sí àtẹ́lẹwọ́. Ó ní kí ìyá ọmọ di orí ọmọ mú. Ìyá ọmọ wo ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ wo lẹ́búlẹ́bú náà. Kò sí ẹni tó sọ pé rárá. Mo-gbọ́n-tán fi ìka méjì mú díẹ̀ níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ síwájú.

Ìgbà yẹn ni Wẹ́dà fò mọ́ ọn. Ó gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù, lẹ́búlẹ́bú fọ́n káàkiri ẹní.

"Má fi sí i lójú!"

"Kí ló ń ṣe ọ́? Ṣé kò ṣiṣẹ́ fún ìwọ ni?"

"Kò ṣiṣẹ́." Ohùn Wẹ́dà wálẹ̀. Ó na ìka sí ọmọ. "Ṣé o ò rí i ni? Kò ṣiṣẹ́."

Wẹ́dà fa aṣọ kan lórí okùn, ó fi wé ọmọ, ó gbé e mọ́ àyà.

"Ẹ dìde. Ilé ìwòsàn là ń lọ."

Ìyá Ṣíbí ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ, àmọ́ ọkùnrin náà ti gbé ọmọ kọjá ẹnu ọ̀nà. Ìyá náà mú ìborùn rẹ̀, ó tẹ̀ lé wọn.

Èrò pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì ní ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló ń wọn ọmọ lẹ́nu ọ̀nà, obìnrin sígbọnlẹ̀ tí ohùn rẹ̀ kì í gòkè. Bó ṣe ṣí aṣọ lójú ọmọ báyìí, ó fi ìwọ̀n sílẹ̀.

"Ẹ̀yin, ẹ máa bọ̀ níwájú."

Àwọn tó ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin ìyá," nọ́ọ̀sì wí. "Gbogbo wa la lè dúró. Ojú ọmọ yìí kò lè dúró."

Nínú yàrá, ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó ránṣẹ́ pe dókítà, ó sì ń fi omi iyọ̀ tó mọ́ tóní ṣan ojú ọmọ lórí ìjókòó. Bó ṣe ń ṣan án ló ń béèrè ọ̀rọ̀.

"Ibo lẹ bí i sí?"

"Ilé ni," ìyá ọmọ dáhùn.

"Ṣé wọ́n fi oògùn sí i lójú lẹ́yìn tẹ́ ẹ bí i?"

"Rárá, mà. A ò mọ̀ pé wọ́n ń fi sí i."

"Kí lẹ wá ti fi sí i láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀?"

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Ìyá Ṣíbí. Ó gbé àgbọ̀n sókè. "Omi ọyàn ni. Òun làwọn ìyá tiwa ń lò. Ṣùgbọ́n iná wẹ́dà ló fà á, nọ́ọ̀sì. Iwájú fèrèsé gan-an ló ti ń jó irin."

Nọ́ọ̀sì kò bá a jà. "Iná wẹ́dà lè ba ojú jẹ́ lóòótọ́, mà. Ojú ẹni tó bá tẹjú mọ́ ọn á pọ́n, á máa ṣomi, á máa ta á bí ẹni tí iyanrìn kó sí lójú. Àmọ́ kì í mú irú ọyún yìí wá. Lára ìyá lọmọ ti ń kó irú èyí, nígbà tó bá ń jáde bọ̀. Omi ọyàn ò sì lè pa kòkòrò tó fà á. Ẹnu ọmọ ni kẹ́ ẹ máa gbé omi ọyàn sí."

"Lára ìyá? Kí ló wà lára ọmọ tèmi?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ bá mi jókòó síta díẹ̀. Mo fẹ́ bá ìyá àti bàbá ọmọ sọ̀rọ̀."

Ìyá Ṣíbí jáde. Ó jókòó sábẹ́ fèrèsé yàrá náà. Kì í ṣe pé ó fẹ́ gbọ́ nǹkan kan o, atẹ́gùn ibẹ̀ ló dára. Ó gbọ́ ohùn nọ́ọ̀sì wúyẹ́wúyẹ́. Ó gbọ́ ohùn Wẹ́dà, tó kéré ju ti nọ́ọ̀sì lọ. Nígbà tó yá, ó gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì sọ.

"Ìwọ!"

Láti ọjọ́ tí àwọn méjèèjì ti ń fẹ́ra, "ẹ̀yin" lọmọ yìí ń pe ọkọ rẹ̀. Ìyá Ṣíbí dìde dúró. Kò tíì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ọmọ rẹ̀ jáde wá, ó jókòó, kò sunkún mọ́.

"Àtọ̀sí ni, Ìyá. Nígbà tó lọ ṣe géètì fún àwọn tó ń kọ́lé ní ìlú kan, ó bá obìnrin kan sùn níbẹ̀. Nígbà tó dé, ìtọ̀ ń ta á, ọyún ń jáde lójú ara rẹ̀. Mo-gbọ́n-tán fún un ní kápúsù. Ó gbẹ, ó dákẹ́, ó sì padà wá sọ́dọ̀ mi. Mo ti lóyún nígbà náà. Èmi ń rí omi díẹ̀ lójú ara mi, àwọn èèyàn ní oyún ló ń fà á. Mi ò lọ ṣàyẹ̀wò oyún tí wọ́n ní kí n padà wá ṣe."

Ìyá Ṣíbí na ọwọ́ sí i. "Dìde. Ilé mi là ń lọ."

"Ọmọ mi wà nínú ibẹ̀ yẹn. Ibo ni mo ń lọ, Ìyá?"

Ọwọ́ ìyá wálẹ̀.

Ìgbà tí dókítà ti gún ọmọ lábẹ́rẹ́, tó sì ti fi iná kékeré yẹ ojú rẹ̀ wò, nọ́ọ̀sì tún pe tọkọtaya náà. Ìyá ọmọ ní kí ìyá òun bá wọn wọlé.

"Ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn kí wọ́n gbọ́?" nọ́ọ̀sì béèrè lọ́wọ́ òun àti ọkọ rẹ̀. Àwọn méjèèjì ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá bẹ̀rẹ̀.

"A ti mú ọyún náà lọ fún àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n a ò lè máa retí èsì ká tó wo ọmọ, torí pé kòkòrò yìí lè jẹ ẹyinjú láàárín ìgbà díẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì náà máa gba ìtọ́jú lónìí. Abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, oògùn gbígbé mì náà wà níbẹ̀, torí pé kòkòrò mìíràn wà tó máa ń bá àtọ̀sí rìn, òun kì í pariwo rárá. A ó sì yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, nítorí àìsàn tó ń gba ọ̀nà kan náà wọlé kì í ṣe ẹyọ kan."

Wẹ́dà họrí. "Mà, tèmi ti lọ. Láti ìgbà tí mo ti lo kápúsù yẹn, mi ò rí nǹkan kan mọ́."

"Ta ló yẹ̀ yín wò kẹ́ ẹ tó lò ó?"

"Kò sẹ́ni tó yẹ̀ mí wò."

"Báwo lẹ ṣe lò ó?"

"Èyí tó kù lọ́wọ́ Mo-gbọ́n-tán ló fún mi. Nígbà tó gbẹ, mo dá a dúró."

"Ẹ̀yin lẹ mọ irin," nọ́ọ̀sì wí. "Bí irin bá ti dógùn-ún, tí ẹnì kan ò ha á, tó kàn kun ọ̀dà lé e lórí, ṣé ó ti tán?"

"Rárá, mà. Abẹ́ ọ̀dà lá ti máa jẹ ẹ́ lọ."

"Ohun tí ẹ ṣe nìyẹn. Gbígbẹ kọ́ ni ìwòsàn. Oògùn tí kò bá àìsàn mu, tàbí tí kò tó, kì í pa kòkòrò tán. Èyí tó bá ṣẹ́ kù á ti mọ bí wọ́n ṣe ń bá oògùn yẹn jà. Àwọn kápúsù kan wà tó ń pa àtọ̀sí láyé àtijọ́. Lónìí, bí èèyàn bá gbé gbogbo páálí rẹ̀ mì, ńṣe ni kòkòrò yẹn á máa wò ó. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi ojú wo kápúsù lásán ká ní ó dà bí oògùn."

Ìyá Ṣíbí ti ń ru látìgbà tó ti jókòó. "Ó dáa. Ẹni tó ṣẹ̀, ẹ gún un. Ẹ gún un dáadáa. Kí ló kan ọmọ mi? Kò rin ìrìnkurìn, kò sí ibi tó ń dùn ún. Kí ló dé tẹ́ ẹ máa gún òun náà?"

"Kòkòrò kì í béèrè ẹni tó jẹ̀bi, mà. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni kòkòrò yìí wà lára wọn tí kò sí ibì kankan tó ń dùn wọ́n, bẹ́ẹ̀ abẹ́nú ló ti ń ba ilé ọmọ jẹ́. Òun ló máa ń sọ àwọn kan di ẹni tí kò rọ́mọ bí mọ́. Bí a bá wo ọkọ nìkan, ọjọ́ tó bá tún sún mọ́ aya rẹ̀, á tún kó o padà. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n á máa gbá síra wọn. Nítorí náà, ẹ ò gbọdọ̀ bára yín sùn títí ẹ̀yin méjèèjì á fi parí ìtọ́jú, tí ọ̀sẹ̀ kan á sì ti kọjá lórí rẹ̀."

"Nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti sọ," ìyá ọmọ dáhùn, "èyí tí kò nira nìyẹn."

Nọ́ọ̀sì yíjú sí ibi tí oògùn wà, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yíjú padà.

"Ó ku ẹnì kan," ló wá sọ fún Wẹ́dà. "Obìnrin tó wà ní ìlú yẹn. Ó yẹ kí òun náà gbọ́."

Wẹ́dà dorí kodò, ó ní òun á pè é.

Wọ́n dá ìyá àti ọmọ dúró síbẹ̀ kí wọ́n lè máa ṣan ojú náà lemọ́lemọ́. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, Wẹ́dà wá lóṣòó níwájú ìyá ìyàwó rẹ̀. Ìyá Ṣíbí kò wò ó.

"O jẹ́ kí n máa bú iná."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O gbé ẹ̀rọ sẹ́yìn. O ta tapólì. O sì mọ̀ pé kì í ṣe òun."

"Mo fura, mà. Bí mo ṣe rí ọyún yẹn lórí òwú, mo mọ bó ṣe jọ. Ojú tì mí. Mo ní kí n dúró wò ó bóyá á lọ fúnra rẹ̀."

Èébú tó dára wà lẹ́nu Ìyá Ṣíbí, èyí tó ti ń tò jọ láti àárọ̀. Ó ya ẹnu láti sọ ọ́. Ohun tó gbọ́ nínú orí rẹ̀ ni ohùn ara rẹ̀ tó ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé jẹ́ ká wò ó ná. Òun àti ẹni tó fẹ́ bú ló jọ dúró wò ó. Ojú ọmọ ni kò bá wọn dúró.

"Dìde nílẹ̀," ló wí. "Lọ wá oúnjẹ fún ìyàwó rẹ. Ẹni tó ń fún ọmọ lọ́yàn kì í jẹ ìbànújẹ́ yó."

Wẹ́dà pe obìnrin náà lọ́jọ́ kejì, nínú ọgbà ilé ìwòsàn. Obìnrin náà bú u títí owó inú fóònù Wẹ́dà fi tán. Nígbà tó ṣe díẹ̀, obìnrin náà fi owó tirẹ̀ pè é padà, ó béèrè pé oògùn wo gan-an ni wọ́n lò fún Wẹ́dà. Wẹ́dà ní òun kò ní í dárúkọ oògùn fún un, kó lọ síbi tí wọ́n á ti yẹ òun náà wò. Obìnrin náà ní inú ti ń run òun láti ọjọ́ pípẹ́, òun kàn ń lo oògùn ìrora ni. Ó sì lọ.

Ojú ọmọ ń fà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọyún dín kù, lẹ́yìn náà ó dá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí Ìyá Ṣíbí gbé e sẹ́sẹ̀, ojú òsì là. Ó ṣẹ́jú sí ìmọ́lẹ̀. Ojú ọ̀tún náà là. Ìyá Ṣíbí tó máa ń rí ọ̀rọ̀ sọ fún ọmọ náà nígbà gbogbo kò rí nǹkan kan sọ. Ó kàn ń fi etí ìborùn nu ojú ara rẹ̀.

Dókítà tún fi iná wò ó. Ó ní ẹyinjú méjèèjì ló yè. Àpá kékeré kan wà ní etí ti ọ̀tún, kò ní í dí ìríran rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní, "Ká ní ẹ tún dúró díẹ̀ sí i ni, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ níbí."

Mo-gbọ́n-tán wá kí wọn nígbà tí wọ́n délé. Ó jókòó, ó sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, ó sọ̀rọ̀ iye tí ọ̀dà ti wọ́n tó. Nígbà tó kù díẹ̀ kó lọ, ó fa Wẹ́dà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú yín yẹn," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ẹnu ọ̀nà wo gan-an ló máa ń jókòó sí?"

Ìyàwó Wẹ́dà kò kó jáde, kò sì díbọ́n bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ó ní òun kò tíì mọ ohun tí òun máa ṣe, àti pé òun kò ní í mọ̀ ọ́n ní wàràwàrà. Àwọn méjèèjì jọ padà lọ ṣàyẹ̀wò nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n wá, ara àwọn méjèèjì sì mọ́. Tó bá di ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ, Wẹ́dà ló ń gbé e lọ. Á jókòó láàárín àwọn ìyá lórí bẹ́ǹṣì, á máa fi aṣọ iṣẹ́ tí iná ti jó lójú méjì nu itọ́ ọmọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìtàn yìí, ohun tó dé bá ilé yìí lè dé bá ilé ẹnikẹ́ni. Bí ìtọ̀ bá ń ta yín, bí ọyún tàbí omi tí kò rí bó ṣe yẹ bá ń jáde lójú ara, bí egbò bá yọ níbẹ̀ tàbí tí abẹ́ ikùn ń run yín, ẹ má lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ tó ní kápúsù. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ, kí wọ́n mọ irú kòkòrò tó jẹ́. Àwọn àìsàn yìí gbóògùn. Oògùn tó bá wọn mu, tí a lò bí wọ́n ṣe ní ká lò ó, tí a sì lò tán bí ara bá tilẹ̀ ti fúyẹ́, òun ló ń wò wọ́n. Bí ẹ bá lò ó tán tí nǹkan náà kò lọ, ẹ padà síbẹ̀, ẹ má wá òmíràn rà fúnra yín.

Ẹ má pín oògùn yín fún ẹnikẹ́ni, ẹ má sì gba èyí tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹni tí ẹ bá ń bá lò pọ̀ gbọ́dọ̀ gba ìtọ́jú pẹ̀lú yín, kódà bí kò bá sí ibi tó ń dùn ún. Sísọ ọ́ fún un kò rọrùn, a mọ̀. Bí ẹ kò bá mọ bí ẹ ó ṣe sọ ọ́, ẹ ní kí nọ́ọ̀sì bá yín sọ ọ́. Rọ́bà ìdáàbòbò náà ń dènà púpọ̀ nínú àwọn àìsàn wọ̀nyí, bí a bá ń lò ó nígbà gbogbo.

Ẹ̀yin aboyún, ẹ tètè forúkọ sílẹ̀, kí ẹ sì ṣe gbogbo àyẹ̀wò tí wọ́n bá ní kí ẹ ṣe. Bí ọmọ bá dé lójijì nílé, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, kí wọ́n fi oògùn sí i lójú. Ojú ìkókó tó bá wú, tó ń ṣọyún, kì í ṣe ti omi ọyàn, kì í ṣe ti àgbo, kì í ṣe ti lẹ́búlẹ́bú. Ẹ gbé ọmọ, ẹ máa lọ.

Bí ojú bá sì ń ti ẹnikẹ́ni nínú yín láti sọ ohun tó mọ̀, kó rántí pé ìtìjú á kọjá lọ. Ojú tó bá fọ́ kì í là mọ́.